Bí orúkọ ọmọ yín kò bá jáde lẹ́yìn Common Entrance

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní praimárì kẹfà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ kan kí èsì tó dé. Nílé wa ní Adó-Èkìtì, ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ni ọmọ mi obìnrin fi ọkàn sí, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde. Ìwé la fi ń yangàn ní Èkìtì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá gan-an mọ̀ pé wọ́n máa béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún béèrè ládùúgbò.

Ó ti kọ gbogbo ẹrù tó máa kó lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn ìwé rẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, àgádágodo, gàrí, Milo, títí kan àwọ̀ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa jẹ́. Nígbà tí èsì dé, ó fa ewé yẹn ya, ó ká a, ó kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní inú ń run òun, kò jẹ iyán. Ohun tí mo sọ fún un kò ju "Ó dun èmi náà" lọ, mo sì jókòó tì í. Àwọn ẹbí ń pè lórí fóònù pé kó má sunkún, pé Ọlọ́run mọ ìdí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí ẹ bá kánjú pa lẹ́nu mọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò ti máa sunkún. Ẹ má sì dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rò ó láti àárọ̀.

Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé: ní 2013, 139 ni ti Ànámbra, 119 ni ti Èkìtì, 4 ni ti ọmọkùnrin Zamfara. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ọmọ ẹnikẹ́ni. Torí kí ọmọ Gúúsù àti ọmọ Àríwá lè jọ jókòó ní kíláàsì kan ni ìjọba ṣe dá irú ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ní 1966, ní Warri, Sókótó àti Okposi. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé èsì yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n ọpọlọ. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé ìṣirò rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, pé a máa jọ tún un ṣe. Ọmọ mọ ìgbà tí a bá ń tan òun.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má jẹ́ kí ìbànújẹ́ mú yín gbàgbé fọ́ọ̀mù àwọn ilé-ìwé yòókù. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ẹnìkan l'Ábújá tó lè bá yín wá ààyè, ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ ń gbọ́. Bí ẹ bá fowó ra ààyè, yóò gbà pé òun fúnra òun kò tó.

Èyí tó ká mi lára jù ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé tí ọmọ padà wọ̀ lójú rẹ̀. Mo mú un lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. A bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó ń nu maikirosíkóòpù. Ó ní kó wá wo ìyẹ́ eṣinṣin nínú rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ yìí kò tán títí a fi délé. Báàgì tuntun, òun ló yàn án. Bàbá rẹ̀ náà sọ fún un pé 1933 ni wọ́n dá Christ's School Adó sílẹ̀, ọdún 33 ṣáájú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yẹn, àti pé inú ilé-ìwé ìlú ni ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Èkìtì ti jáde.

Àbúrò ọkọ mi wá kí wa, ó ní, "Ṣé ibẹ̀ náà ló padà lọ?" Mo dá a lóhùn lójú ọmọ: ilé-ìwé rẹ̀ nìyẹn, inú wa sì dùn sí i. Ẹ dá irú wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá kúrò níbẹ̀.