Ìwé Osage mi: mo ti gbé òkú kúrò níbi tó wà

Sátidé. Orí kẹfà parí lánàá, mo sì ti tú u ká láàárọ̀ yìí. Ibi tí mo gbé òkú sí ni mo ṣì.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, ọdún 1923 ni ìtàn àròsọ mi wà, nílẹ̀ àwọn Osage, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Òfin 1906 ló pín owó epo rọ̀bì wọn fún èèyàn 2,229, ìpín yẹn ò sì ṣeé tà, àfi kéèyàn jogún ẹ̀, ìyẹn ni àwọn òyìnbó kan fi ń fẹ́ ọmọ wọn, tí wọ́n á wá máa pa ẹbí ìyàwó. Wọ́n yìnbọn pa Anna Brown, ẹ̀gbọ́n Mollie Burkhart tó jẹ́ obìnrin Osage, lọ́dún 1921, ìyá wọn kú lọ́dún yẹn náà, ní March 1923 wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ ilé Rita àbúrò wọn, gbogbo ìgbà yẹn Ernest ọkọ Mollie wà nídìí ẹ̀ pẹ̀lú William Hale arákùnrin ìyá ẹ̀. Tí mo bá ti rántí pé Ernest àti Mollie jọ ń jẹun ni, ọwọ́ mi kì í lè kọ̀wé mọ́.

Èmi wá gbé òkú tèmi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú, mo ní kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé apààyàn lọ kóòtù ìjọba àpapọ̀. Irọ́ ni! Henry Roan tí wọ́n yìnbọn pa, tí Hale fẹ́ gba ìnṣọ́ránsì dọ́là 25,000 lórí ẹ̀, ilẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ ààbò òfin lọ́wọ́ ọmọ Osage ni wọ́n ti pa á, ìyẹn ni Kóòtù tó ga jù lọ fi sọ lọ́dún 1926 pé ìjọba àpapọ̀ lè dá ẹjọ́ ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, kóòtù ìpínlẹ̀ ni, níbi tí àwọn olówó ti mọ adájọ́ mọ́ lọ́yà.

Torí náà òkú ti wà ní pápá ìyá àgbà Osage kan báyìí. Apààyàn mi rò pé òun ti ra ibẹ̀, ìyá ò sì fọwọ́ sí i rárá.

Wẹ́sidé. Ojú ewé mẹ́rin. Wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà pápá náà ti wọ orí kejì, kí òǹkàwé ti rí i tẹ́lẹ̀. Ìran oúnjẹ alẹ́ ló kù, ìyàwó máa bu ọbẹ̀ fún ọkọ, mi ò tíì mọ ohun tó máa sọ.