Linux wo ni kí n kọ́kọ́ lò?

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́rùn mi láti October 2025 tí Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10, gbogbo ẹni tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti gbó ló ń pè mí pé bọ̀ọ̀dá, nínú oríṣiríṣi Linux (ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows), èwo ni kí n gbé sí i. Ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe tèmi ná.

FreeBSD, ètò mìíràn tó ń darí ẹ̀rọ àmọ́ tí kì í ṣe Linux, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ló sọ fún mi pé ìyẹn gan-an lọmọ bíbí inú Unix, ètò àtijọ́ kan tó ń darí ẹ̀rọ, pé láti Berkeley ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, pé Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 kàn fi ojú jọ Unix ni. Òótọ́ ló sọ o! Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí nínú ìdílé? Mo fi dátà òru wà á sílẹ̀, mo pa gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́, ìgbà tó parí, ojú dúdú kirikiri, "login:" nìkan ló ń wò mí, kò sí desktop (ojú tó ní àwòrán téèyàn ń tẹ̀), àfi kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sí i, wáìfáì mi ò sì gbé, níbo ni mo ti fẹ́ rí desktop ọ̀hún wà? Ẹ̀bi mi ni ṣá. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìlànà wọn, mi ò kà á.

Báyìí, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ èèyàn ni mo máa ń ní kó bi. Ẹ gbé Linux Mint sórí fláàṣì, tí RAM yín ò bá ju 4GB lọ kẹ́ ẹ mú èyí tó ní Xfce (desktop tó fúyẹ́), ẹ fi fláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ, ẹ má tíì tẹ install rárá. Orí fláàṣì ló ti máa ṣiṣẹ́, Windows yín ò ní mọ̀ pé àlejò wọlé. Ẹ wò ó bóyá wáìfáì gbé, bóyá ohùn ń jáde, ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé kẹ́ ẹ tún ṣí i bóyá á jí. Tí kò bá ṣe é, ẹ gbìyànjú òmíràn, dátà nìkan ló lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Mint? Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ ọ lé, Ubuntu náà dúró lórí Debian, Linux ni gbogbo wọn, torí náà wàhálà yòówù tẹ́ ẹ bá kó sí, ẹnìkan ti kó sí i rí, ìdáhùn ẹ̀ á wà lórí Google. Debian fúnra ẹ̀ náà ò le tó tẹ́lẹ̀ mọ́, láti Debian 12 ní 2023 ni wọ́n ti ń kó firmware wáìfáì (ètò kékeré tí wáìfáì nílò kó tó gbé) mọ́ ọn.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù, kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Mint, ẹ wo abẹ́ Nigeria níbi tí wọ́n ti ń yan kíbọọ̀dù. Àìmọye ọdún ni mo fi ń lọ kópì ẹ àti ọ níbòmíì wá lẹ̀!