Kí ẹ tó gé gíláàsì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ férémù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ férémù ní Mushin àti Ṣúrùlérè, àti ẹ̀yin ọmọ Yabatech tí ẹ ń fi iṣẹ́ yìí kún àwòrán yíyà, ọ̀rọ̀ gíláàsì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Oníbàárà á wọlé, á na fọ́tò sí yín, á ní, "Èló ni?" Tí ẹ bá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ ti yan gíláàsì fún un láìtíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi bò. Ẹ kọ́kọ́ bi í: kí ni wọ́n fi ṣe é, ògiri wo ló ń lọ, ṣé òun nìkan ṣoṣo ló wà àbí ó ṣì wà lórí fóònù oníbàárà?

Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń dín wàhálà kù jù. Fọ́tò ọjọ́ ìbí tí wọ́n tẹ̀ lánàá, tí wọ́n tún lè tẹ̀ lọ́la, gíláàsì lásán mílímítà 2 ti tó o. Ẹ má ta gíláàsì olówó gọbọi fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, irú èyí ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwòrán tí ọwọ́ yà, tàbí fọ́tò bàbá àgbà tí fíìmù rẹ̀ ti sọnù, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá bọ́ sórí ògiri. Pálọ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń rọ́ wọlé láti aago mẹ́rin, kò lè gba ohun kan náà pẹ̀lú ọ́fíìsì ní Marina tí wọn kì í ṣí kọ́tìnì rẹ̀. Oòrùn ló ń pa àwọ̀. Ìtànṣán UV tó wà nínú rẹ̀, tí ojú wa kò rí, ló burú jù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí náà ń jẹ àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì lásán á dí apá kan UV, á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Èyí tí wọ́n kùn lójú kan nítorí UV lè dá ìdá 99 nínú 100 dúró. Síbẹ̀, ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé àwòrán rẹ̀ kò ní ṣá mọ́. Tó bá gbé iṣẹ́ ọ̀dà olómi kọ́ síbi tí oòrùn ti ń bá a lójoojúmọ́, ó máa ṣá, á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn tó dáa jù tí mo ń fún oníbàárà ni pé kó gbé e lọ sí ògiri kejì. Mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ máa gbọ́ ẹjọ́ pé gíláàsì ń dán jù, pé fèrèsé àti gílóòbù ni àwọn ń rí dípò àwòrán. Òótọ́ ni, nítorí bí ìdá 8 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá kan gíláàsì lásán ló ń ta padà sójú èèyàn. Oríṣi méjì ló ń wo ìyẹn sàn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ásíìdì họ ojú rẹ̀, tí kò dán mọ́. Kò wọ́n púpọ̀, àmọ́ ó ń mú àwòrán ṣú díẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwòrán sún mọ́ òun pẹ́kípẹ́kí. Tí ẹ bá fi àyè tó jìn sáàárín wọn, àwòrán á rí bí ilé òdìkejì títì nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè lò ó fún iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ yọ gọngọ, irú àwọn plastograph, àwòrán títẹ̀ tí ojú rẹ̀ ga sókè, tí àgbà ayàwòrán Bruce Onobrakpeya tẹ̀ ní Mushin níbí. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ní àyè níwájú, kí gíláàsì rẹ̀ sì mọ́ kedere.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n kùn kó má baà ta ìmọ́lẹ̀ padà, tí àwọn mùsíọ̀mù ń lò. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ kì í tó ìdá 1 nínú 100. Ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ pé òun ní in lọ́jà ló ní in. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Lára gíláàsì lásán, ẹ ó rí gílóòbù náà funfun báláú. Lára èyí tí wọ́n kùn lóòótọ́, òjìji gílóòbù á ṣú, á sì ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.

Gbogbo èyí kò tó ohun tó kàn yìí: gíláàsì kò gbọdọ̀ fara kan àwòrán. Ìyá kan láti Ìsàlẹ̀-Èkó gbé fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ wá fún mi, fọ́tò dúdú àti funfun ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó ṣe férémù àkọ́kọ́ ti tẹ fọ́tò náà mọ́ gíláàsì tààrà, kò sí páálí kankan láàárín. Mo dá a dábùú sí ìmọ́lẹ̀. Apá kan gèlè ìyàwó àti gbogbo èjìká ọkọ ń dán, ó tutù lójú, ìyókù gbẹ. Ibi tó ń dán yẹn ló ti lẹ̀. Jẹ́látíìnì ló wà lójú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin á mú un wú, á rọ̀, tó bá tún gbẹ, ara gíláàsì ló máa gbẹ mọ́. Ọ̀rinrin tí à ń wí yìí, Èkó ni ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, gíláàsì tutù, NEPA mú iná lọ, afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé, férémù bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ọmọṣẹ́ mi ti ń nawọ́ sí abẹ láti fi ṣí i. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá fà á, ojú èèyàn ni ẹ ó bó kúrò lórí fọ́tò. A gba gíláàsì náà ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, a tẹ òmíràn, èyí tuntun la kọ́ férémù fún. Ti àtijọ́ wà pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ nínú àpótí títí wọn ó fi rí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú fọ́tò.

Ohun tó máa gba yín lọ́wọ́ irú èyí kò le. Ẹ gé ojú sí páálí, kí ẹ fi sáàárín àwòrán àti gíláàsì. Èyí tó nípọn bíi mílímítà kan àtààbọ̀ tó fún iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ ńlá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí pépà máa ń wú ní ìgbà òjò. Bí oníbàárà kò bá fẹ́ kí páálí hàn, ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ há abẹ́ etí férémù. Kí ẹ sì ra páálí tí kò ní ásíìdì fún ohun tó níye lórí. Páálí káàtọ̀nù á fi ìlà pupa rúsúrúsú yí àwòrán ká bó bá pẹ́, pákó tí ẹ kàn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún iṣẹ́ ńlá, ẹ ro ti Perspex, ike tó mọ́ kedere bíi gíláàsì. Gíláàsì mílímítà 3 tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 120, tó fẹ̀ ní 90, wúwo ju kílò 8 lọ. Perspex ìwọ̀n kan náà kò pé kílò 4, kì í sì í fọ́ sórí ọmọ. Àmọ́ ó yá láti ha, nítorí náà ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ má sì fi ọṣẹ gíláàsì tó ní amóníà kàn án. Ewu rẹ̀ tó tóbi jù ni iná mànàmáná tó ń kó sára rẹ̀ bí nǹkan bá ti ń fi ara ra á. Ẹ bó ọ̀rá ojú rẹ̀, ẹ sún un mọ́ apá yín, irun apá á dìde. Iná yẹn ló ń fa èédú àti ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí pépà. Ẹ̀yin ọmọ Yabatech tí ẹ ń fi èédú yàwòrán, gíláàsì ni tiyín, bó ti wù kó wúwo tó.

Ọ̀dà olóròóró lórí kánfáàsì kò nílò gíláàsì, bí oníbàárà tilẹ̀ ní eruku Èkó pọ̀. Inú ọ̀dà yẹn lè má tíì gbẹ tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Lóòótọ́, gíláàsì ló gba kéèkì tí ẹnì kan fi lu àwòrán Mona Lisa ní Paris lọ́dún 2022, àmọ́ ta ló ń ju kéèkì ní pálọ̀ yín?

Ti gígé, ẹ̀ẹ̀kan ni kí kọ́tà kọjá. Tí ẹ bá padà sórí ìlà kan náà, gíláàsì á ya gba ibi tó wù ú. Èyí tí wọ́n kùn nítorí UV, ojú tí wọn ò kùn ni kí ẹ ti fa ìlà, kí ojú tí wọ́n kùn sì kọjú sí àwòrán. Bí ẹ bá ń gbé e kọjá Third Mainland, ẹ gbé e dúró lórí etí, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ojú gíláàsì lásán, kó má baà dà sórí àwòrán bó bá fọ́.

Bí ẹ bá ti pa ẹ̀yìn férémù dé, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ irú gíláàsì tó wà níwájú, ojú tí wọ́n kùn àti ọdún tí ẹ ṣe é sí i. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì náà, torí oníbàárà tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún á ní Perspex lòun san owó rẹ̀.