Ẹ Bi Omi Kí Ẹ Tó Ṣí Ọ̀dà: Ohun Tí Táìsì Àtijọ́ Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọ̀dà, ẹni tó mọ ògiri kùn kò tíì mọ táìsì kùn. Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri máa ń mu ọ̀dà. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án, á fà á sínú, ọ̀dà á sì rí ibi dúró sí. Táìsì kì í mu nǹkan kan. Amọ̀ sísun ló wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ yín ń kàn lókè, gíláàsì ni. Wọ́n dà á sórí amọ̀ náà, wọ́n sun ún nínú iná tó sábà máa ń kọjá 1,000°C, títí tó fi yọ́ tó sì mọ́ ọn lára. Wọ́n dìídì ṣe é kí nǹkan kan má lè lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ọ̀dà yín náà sì wà lára nǹkan kan yẹn.

Ohun tó wá ń kó péńtà sí wàhálà ni pé lórí táìsì, ojú kì í sọ òótọ́. Táìsì tó mọ́ àti èyí tí òróró fẹ́lẹ́ bò, bákan náà ni wọ́n ń dán. Ọ̀dà tó di táìsì mú àti èyí tó kàn jókòó lé e, bákan náà ni wọ́n rí lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́. Onílé á yìn yín, ẹ̀yin náà á gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ẹ bá lọ tán. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba ojú mi gbọ́ mọ́. Mo máa ń dán nǹkan wò ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ bá dé.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ rárá, ẹ fi igi búrọ́ọ̀ṣì kan táìsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí. Èyí tó di ògiri mú á dún ki. Èyí tí àlàfo ti wà lẹ́yìn rẹ̀ á dún bí agbè òfìfo. Ọ̀dà kò lè dá táìsì tó ń mì dúró. Etí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀dà á sì máa ká sókè láti etí náà. Kí wọ́n yọ irú táìsì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà. Tí gíráótì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín táìsì, bá sì ń tutù níbi tí ẹnikẹ́ni ò da omi sí, púlọ́ńbà ni iṣẹ́ kàn, kò tíì kan péńtà. Omi tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri á ti ọ̀dà jáde, bó ti wù kí ọ̀dà náà dára tó.

Iṣẹ́ míì wà tí mo máa ń kọ̀. Ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ lójoojúmọ́, tábìlì ilé ìdáná tí wọ́n ń gé nǹkan lé tí wọ́n sì ń gbé ìkòkò gbígbóná kà, táìsì tó wà lẹ́yìn iná tààrà, gbogbo ìyẹn, mo máa ń sọ fún onílé pé kó fowó rẹ̀ ra táìsì tuntun. Ògiri balùwẹ̀ tí omi kì í dà sí tààrà àti ògiri ilé ìdáná tó jìnnà sí iná ni ọ̀dà ti máa ń pẹ́ jù. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò pọ̀ lórí rẹ̀ ṣeé kùn, tó bá jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gan-an ni ẹ lò.

Ó wá kan fífọ̀. Tí mo bá ní kí n fi gbogbo wákàtí iṣẹ́ pín, fífọ̀ ló máa kó èyí tó pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọṣẹ́ ti máa ń yára jù. Ẹ kọ́kọ́ wá sílíkóònù, rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí igun àti etí básíà. Kò sí ọ̀dà ilé kankan tó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá kù fẹ́ẹ́ lórí táìsì, ọ̀dà á máa sá fún ibẹ̀, ẹ ó sì rí ihò róbótó róbótó bí ẹ ṣe ń yí rólà lọ. Ẹ fi abẹ gé e, ẹ há a kúrò, ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún yíyọ sílíkóònù nu ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó fọwọ́ kan ọṣẹ.

Ìdọ̀tí ilé ìdáná yàtọ̀ sí ti balùwẹ̀. Òróró ni ti ilé ìdáná, ọṣẹ líle tó ń gé òróró ló sì ń ká a. Ní balùwẹ̀, ọṣẹ ìwẹ̀ àti kálísíọ́ọ̀mù inú omi máa ń para pọ̀ di èérí funfun tí ọṣẹ nìkan ò lè ká. Ohun kíkan bíi fínígà ló ń yọ èérí funfun tó ti gan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kíkan náà ń jẹ gíráótì, nítorí náà ẹ fi omi lásán rin gíráótì kó tó kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣàn án. Ibi tó ti dúdú nítorí ọ̀rinrin, bílíìṣì lè wúlò níbẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: bílíìṣì àti fínígà kò gbọ́dọ̀ pàdé, bílíìṣì àti ohunkóhun tó ní amóníà kò gbọ́dọ̀ pàdé. Gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀, balùwẹ̀ sì kéré jù fún yín láti bá a ṣeré. Ẹ ṣan ọ̀kan kúrò pátápátá, kí ojúmọ́ mìíràn mọ́ kí ẹ tó mú èkejì wọlé.

Tí ẹ bá ti rò pé ó mọ́, ẹ bi omi. Ẹ fi omi tó mọ́ da ojú táìsì láti òkè, kí ẹ sì wo bó ṣe ń ṣàn. Lórí táìsì tó mọ́, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Níbi tí òróró bá kù sí, omi á já, á kó ara rẹ̀ jọ sí ẹ̀kán ẹ̀kán. Àwọn tó ń kun irin nílé iṣẹ́ ńlá náà ń lo ìdánwò yìí. Ẹ̀tàn kan wà nínú rẹ̀ ṣá o: tí ọṣẹ bá ṣì wà lójú táìsì, ọṣẹ á mú kí omi tẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òróró wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ẹ ṣàn án ju bí ẹ ṣe rò pé ó tó lọ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni sáńpépà. Dídán táìsì nìkan ni ẹ fẹ́ pa, ẹ ò fẹ́ bó o. Nọ́ńbà 220 sí 400, irú èyí tó ṣeé fi omi yún, ti tó. Ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kó gba ojú ògiri kọjá, ibi tó bá ṣì ń kọ mànà kò tíì gba ọwọ́. Omi ni kí ẹ fi yún un, kì í ṣe gbígbẹ, ẹ̀rọ ayúnǹkan kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ìdí rẹ̀ ni pé òjé lè wà nínú gíláàsì orí táìsì àtijọ́. Ní 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà sì ni òfin yẹn bá wí, kò kan gíláàsì orí táìsì. Bí táìsì bá dúró jẹ́ẹ́, òjé inú rẹ̀ kò yọ èèyàn lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ bá lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú tó ń fò ló di ewu, pàápàá fún ọmọdé. Lẹ́búlẹ́bú amọ̀ abẹ́ rẹ̀ náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ ìbomú tó ní fíltà, ẹ kó ọmọdé kúrò nílé, ẹ fi aṣọ tútù nu gbogbo rẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ.

Táìsì tí ẹlòmíì ti kùn tẹ́lẹ̀ le ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò kùn rí lọ, torí ẹ gbọ́dọ̀ bó ọ̀dà tó ń ṣí kúrò. Mo ń fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Kẹ́míkà abọ́dà kan wà tí wọ́n ń pè ní methylene chloride. Ó ń bó ọ̀dà wàràwàrà, ìyẹn ló sì fi gbajúmọ̀. Láàárín 2000 sí 2011, òṣìṣẹ́ 13 tó ń tún básíà ìwẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ló kú nípasẹ̀ rẹ̀. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú básíà ló ń rọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà. Ìbomú eruku kò lè dí i. Ní 2019 ìjọba ibẹ̀ fòfin de títà á fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí abọ́dà. Tí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára agolo, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Abẹ àti sùúrù ló yẹ iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ọ̀dà àkọ́kùn, tí gbogbo wa mọ̀ sí práímà, ni yóò so gíláàsì mọ́ ọ̀dà. Èyí tí wọ́n ń lò fún ògiri kò lè ṣe é. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ gíláàsì tàbí táìsì sí lára. Ẹ má sì lọ kun gbogbo ògiri lójú ẹsẹ̀. Ẹ yan táìsì kan ní kọ́lọ́fín, ẹ kùn ún látòkèdélẹ̀ bí ẹ ṣe máa kun yòókù, práímà àti gbogbo ìpele ọ̀dà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ tó bí agolo ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ tó mú fa ìlà 6 níbùú, ẹ fa 6 lóròó lé e, kí ó gé dé gíláàsì. Milimítà 1 ni àlàfo ìlà fún ọ̀dà fẹ́lẹ́, 2 fún èyí tó nípọn díẹ̀. Igun mẹ́rin kéékèèké 25 ni yóò jáde. Ẹ lẹ téèpù lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fà á kúrò. Tí igun mẹ́rin kankan ò bá tẹ̀ lé téèpù, ẹ lọ kun ilé. Tí wọ́n bá ń ṣí, ẹ ti rí ìdáhùn kí ẹ tó ba ògiri odidi jẹ́.

Ìlànà àgbáyé wà fún ìdánwò yìí, ISO 2409, ó sì ń fún un ní máàkì láti 0 dé 5, èyí tí 0 jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣí. Ti Amẹ́ríkà, ASTM D3359, dorí kodò sí i: 5B ló dára jù níbẹ̀, 0B ló burú jù. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀dà òun gba 5, ẹ béèrè ìlànà wo.

Epoxy alágolo méjì, ìyẹn ọ̀dà tó máa ń gan nígbà tí ẹ bá po ohun inú agolo méjèèjì pọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara agolo ni kí ẹ fi pò ó. Hádínà, ohun inú agolo kejì tó ń mú kó gan, kì í ṣe oògùn ìyára. Tí ẹ bá fi kún un kó lè tètè gbẹ, ohun rírọ̀ tàbí ohun tó ń fọ́ ni ẹ máa bá pàdé. Bí ẹ bá pò ó pọ̀ sínú agolo kan, yóò gbóná fúnra rẹ̀, yóò sì gan kí ẹ tó lò ó tán. Ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ da á sínú abọ́ tó tẹ́jú. Oòrùn máa ń pọ́n ọn lójú di bíi àwọ̀ ìyeyè, nítorí náà ibi tí oòrùn ń wọ̀ tààrà kò yẹ epoxy funfun. Ọ̀dà urethane alágolo méjì kì í sábà ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n kẹ́míkà isocyanate inú rẹ̀ lè fún èèyàn ní ikọ́ fée. Ẹ má fín irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé láéláé.

Kíkùn gan-an kò le. Gíráótì ni ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, kí ẹ fi rólà kékeré onífóòmù tẹ̀ lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fa téèpù tí ẹ fi bo etí ibi tí ẹ ò fẹ́ kùn kúrò kí ọ̀dà tó gan. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ọ̀rinrin. Ẹ lẹ ọ̀rá lé gíráótì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ sún iṣẹ́ síwájú. Ojú táìsì sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n ìgbóná tí omi inú afẹ́fẹ́ ti máa ń sẹ̀ di ìrì lọ.

Gbígbẹ àti gígan kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀dà tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́ lálẹ́ lè gbà tó ọjọ́ 7 kó tó gan tán, tó bá jẹ́ epoxy. Àwọn ọ̀dà kan tí wọ́n fi omi pò ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èékánná tẹ kọ́lọ́fín kan. Tí ojú èékánná bá hàn, kò tíì tó àkókò tí omi á kàn án. Lẹ́yìn tó bá ti gan tán ni ẹ tó fi sílíkóònù tuntun dí igun, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà gbẹ.

Onílé máa ń fẹ́ lo balùwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ sọ ọjọ́ náà fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ pé kó má fi kàìnkàìn líle tàbí lẹ́búlẹ́bú tó ń ha nǹkan fọ̀ ọ́. Ọṣẹ rírọ̀ àti kànrìnkàn rírọ̀ ti tó. Èyí tó kù nínú agolo méjèèjì tí ẹ ò tíì pò pọ̀, ẹ dé e pa, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ̀dà, nọ́ńbà àwọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kùn ún sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.