Àkùkọ Inú Táblẹ́ẹ̀tì Mi

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Ìlú Ọba fi táblẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́, ihò síìmù ni mo kọ́kọ́ wá lára rẹ̀. Mo yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, mo dà á dojú bolẹ̀, mo gbé e súnmọ́ iná, n kò rí ju ihò ṣájà àti ti mẹ́mọ́rì káàdì lọ. Mo pè é lórí fóònù, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, Wi-Fi nìkan ni ó ń lò, ti ilé yín náà ni kí ẹ máa lò." Ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò nílé. Wi-Fi kan ṣoṣo tí ó wà ní agbègbè wa ní Òkè Àró ni ti aládùúgbò wa kan, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó sì máa ń yọjú sí wa bí òṣùpá, a kò mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí mo bá sì ní kí n fi dátà fóònù mi bọ́ ẹ̀rọ náà, èyí tí mo rà fún oṣù kan kò ní í kọjá ọjọ́ mẹ́ta.

Mo wá pinnu pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni n ó ṣe lò ó, n ó sì lò ó débi tí ojú yóò ti ẹni tí ń ra dátà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ jókòó tì í láti àárọ̀, mo ń di ẹrù sínú táblẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí ń lọ sí oko ẹgàn fún oṣù mẹ́ta. Mo gba Bíbélì àti ìwé orin sílẹ̀. Mo gba máàpù Google sílẹ̀, láti Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó, Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀. Mo gba Kiwix pẹ̀lú, èyí tí a fi ń ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kékeré ti Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń fẹ́ kọ̀ jálẹ̀ láti wọ inú káàdì, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ó ju gígábáìtì 25 lọ ṣì ṣófo níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni ó ṣàlàyé fún mi pé FAT32 ni ètò tí ó wà lórí káàdì náà, àti pé irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá ti tó gígábáìtì 4. Ilé fẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ó há. Mo gba ti Yorùbá, tí kò tóbi, mo sì dúpẹ́.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó tẹ̀ lé mi lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun náà fẹ́ nǹkan tòun. Ohun tí ó fẹ́ ni áàpù kan tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn ẹranko. Mo bá a wí pé nǹkan àgbà ni a ń tọ́jú, pé kò sí àyè fún ewúrẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹkún náà pọ̀ jù, mo gbà á sílẹ̀ fún un, mo sì ń kùn.

Kò pẹ́ tí òkìkí mi fi kàn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa, àwọn méjì ń jiyàn lórí ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ọ̀kan ní 1976, èkejì fi orí rẹ̀ tí wọ́n fá dé ìdajì búra pé 1996 ni. Mo fa táblẹ́ẹ̀tì yọ, mo kà á sí wọn létí pé ọjọ́ 3, oṣù Èrèlé, ọdún 1976 ni, àti pé Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n yọ lára tiwa, ni ó ní ọdún 1996. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Kò-lo-dátà. Kí n má parọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe ìrántí ọdún kan tí ìyá ìyá mi papò dà, ní Ìdànrè, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ní kí n wá ka ìtàn ìgbésí ayé Màmá ní ilé ìjọsìn. Mo tẹ ìtàn náà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, nínú Google Docs, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Mo tan táblẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, mo rí orúkọ ìwé náà nínú Drive, àpótí ìwé ti Google, mo pa á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ó ti wà nínú táblẹ́ẹ̀tì."

Lójú ọ̀nà Ìdànrè, mo tan máàpù, mo sì ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ tí ó ti ń ná ojú ọ̀nà náà kí n tó gbéyàwó. Ó bi mí bí ẹ̀rọ tí kò ní síìmù ṣe mọ ibi tí a wà. Mo sọ fún un pé sátẹ́láìtì GPS, tí wọ́n wà lókè ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 kìlómítà, ni ó ń fọhùn sí i, pé kì í ṣe gbogbo táblẹ́ẹ̀tì tí kò ní síìmù ni ó ní etí tí ó lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n pé tèmi ní in. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó sì gba ọ̀nà tí ó wù ú.

Nígbà tí wọ́n pè mí síwájú, mo gbé táblẹ́ẹ̀tì lé orí pẹpẹ ìwàásù, mo wú ikọ́, mo fi ìka kan orúkọ ìwé náà. Òrùka kékeré kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí bí òkòtó. Lẹ́yìn náà ni àkọlé yọ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yọ́ fóònù wò nínú àpò agbádá, ṣùgbọ́n láàárín àwọn òkè ńláńlá yẹn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò fojú hàn lọ́jọ́ náà. Mo tún kan orúkọ náà. Òkòtó tún yí.

Gbogbo àsìkò yìí, orí mi wà nílẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìjọ rò pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tí ó wà níwájú di ojú, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Òógùn bo ọrùn mi. Mo fẹ́ padà sẹ́yìn kí n wá ìwé náà níbòmíràn, ìka mi tí ó ń gbọ̀n sì lọ ba ibi tí n kò rán an.

"Kéékèrèèkéé!"

Àkùkọ kọ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀rọ náà kò mọ ibi tí ó wà, gbogbo agbára rẹ̀ ni ó fi kọ. Mo sáré tẹ̀ ẹ́ kí ó dákẹ́, ó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kan ní ìjókòó ẹ̀yìn la ojú, ó sì bèèrè ní ohùn tí gbogbo wa gbọ́ pé, "Ta ni ó sẹ́ Olúwa láàárín wa?" Mo tún tẹ nǹkan mìíràn, ewúrẹ́ sì dá a lóhùn.

Ìyá arúgbó kan, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà èwe, ni ó yọ mí. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ohùn àkùkọ rẹ̀ nìyẹn." Ó wá sọ bí àkùkọ Màmá ṣe máa ń jí gbogbo agboolé kí wọ́n tó lọ fọ́ kòkó lóko, bí Màmá ṣe kọ̀ láti pa á lọ́dún Kérésìmesì mẹ́ta, àti orúkọ tí ó sọ ọ́, tí n kò lè kọ síhìn-ín. Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tí ó wà nínú ojú ewé mẹ́rin mi.

Bí a ti ń padà bọ̀, ọmọ mi àgbà gba táblẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó wò ó fìrí, ó ní, "Dádì, orúkọ ìwé nìkan ni ẹ gbé wá, inú ìwé ṣì wà lọ́dọ̀ Google." Ó fi àmì mẹ́ta tí ó tò gẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà hàn mí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti tẹ̀ ẹ́ kí ìwé náà lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n sì ti pa Wi-Fi ní ṣọ́ọ̀bù láti dán an wò. Áàpù ẹranko ní tirẹ̀ kó gbogbo ohùn rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ tí a gbà á. Awakọ̀ kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tí ó ń mì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí pé a fẹ́ ṣí ilé tuntun ní Ìdànrè, kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, kí n fi bírò kọ ọ́. Mo ní, "Mo ti gbọ́, bàbá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n mú àkùkọ yẹn dání."