Ibi tí agbára yẹ kí ó wà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú fífi fáíbà ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí ènìyàn bá kúrò lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì onípáálí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ fáíbà (aṣọ tí a fi okùn gíláàsì tàbí kábọ̀n hun) àti epoxy (àtè olómi tí a ń po, tí ó sì ń gbẹ le) ṣe ọ̀pá, ìyẹn ara rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní ihò nínú, àti lẹbẹ, ìyẹn ìyẹ́ pẹlẹbẹ ìdí rẹ̀, fúnra rẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wù ú ni pé kí gbogbo rẹ̀ le koko láti imú dé ìdí. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ pé ẹrù lásán ni agbára tí a bá fi sí ibi tí kò ti ní iṣẹ́ ṣe, àti pé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣe ìpalára jù lọ.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ohun tí ń darí rẹ̀ lójú òfurufú gbára lé ojú méjì lára rẹ̀: ojú ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba, àti ojú ibi tí ipá afẹ́fẹ́ ti kó ara jọ. Ti ìwúwo gbọ́dọ̀ wà níwájú ti afẹ́fẹ́, kí àlàfo àárín wọn sì tó ìbú ọ̀pá náà, ó kéré tán. James Barrowman kọ ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ojú kejì yìí sílẹ̀ ní 1967, òun náà sì ni OpenRocket, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, gbé ìṣirò rẹ̀ kà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ iye epoxy tí ẹ dà sí ẹsẹ̀ lẹbẹ. Nígbà tí ẹ bá ti kun rọ́kẹ́ẹ̀tì yín tán, tí ẹ sì ti ki ẹ́ńjìnnì àti páráṣúùtì bọ̀ ọ́, ẹ gbé e lé etí igi, kí ẹ wá ibi tí ó ti dọ́gba, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi iye gidi wọ̀nyí rọ́pò èyí tí ètò náà fojú bù. Bí ìdí bá ti wúwo jù, ẹ ó ní láti fi ẹrù mìíràn sí imú. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì wúwo tán, ẹ ó nílò ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi sí i, nítorí ipá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè kúrò lórí ọ̀pá ìfilọ́lẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ẹ sì rántí pé lẹ́tà ni a fi ń pe àpapọ̀ agbára tí ẹ́ńjìnnì lè fi ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, newton-sẹ́kọ́ǹdì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlọ́po méjì ni lẹ́tà wọ̀nyí fi ń lọ: A kò ju 2.5 newton-sẹ́kọ́ǹdì lọ, B kò ju 5, C kò ju 10. Ìwọ̀nba epoxy tí ẹ dà ní àdàjù lè sún yín sí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ti epoxy fúnra rẹ̀, ẹ máa fi òṣùwọ̀n wọn rẹ́sìnì (àtè náà gan-an) àti hádínà (èyí tí ń mú un le), ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Àwọn kan rò pé bí hádínà bá pọ̀ sí i, yóò tètè gbẹ. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé iṣẹ́ náà kò ní le dáadáa títí láé. Ẹ má ṣe po púpọ̀ sínú ife kan, nítorí ooru tí ó ń mú jáde yóò há síbẹ̀, ife náà yóò sì máa rú èéfín. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ, ẹ jẹ́ kí ìwúwo epoxy sún mọ́ ìwúwo aṣọ, kí ẹ fún ìyókù jáde. Epoxy tí a kò fi ooru gbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 50 sí 60 dígírì Celsius, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a kùn ní dúdú tí a sì fi sínú oòrùn sì lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà funfun ni mo fara mọ́, bí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dára lójú.

Ẹ wo ọ̀nà tí okùn fáíbà gbà lọ pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì ń ti ọ̀pá láti ìdí, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà okùn tí ó lọ ní gígùn ọ̀pá ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹbẹ yàtọ̀: lílọ́ ni ó ń bá jà. Bí eré bá pọ̀, lẹbẹ tí kò le tó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n náà yóò sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ títí yóò fi ya kúrò. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ aṣọ rẹ̀ kí okùn inú rẹ̀ dábùú gígùn lẹbẹ ní ìwọ̀n 45 dígírì. Síbẹ̀, nínípọn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí bí ẹ bá sọ lẹbẹ di onílọ̀ọ́po méjì ní nínípọn, líle rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn igi balsa fífúyẹ́ láàárín, kí aṣọ fáíbà tín-ín-rín wà ní ojú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ lẹbẹ wọ inú ọ̀pá lọ kan ilé ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn sàn ju kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara lásán. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi fọ ojú epoxy tí ó ti gbẹ, nítorí epoxy kan máa ń sun ọ̀rá sójú, sáńpépà yóò kàn tàn án káàkiri ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi sáńpépà ha á.

Bí irin alumíníọ̀mù tí ẹ wé ọ̀pá mọ́ bá kọ̀ láti yọ, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì, nítorí irin náà ń sún kì ju fáíbà lọ. Ẹ má sì fi fáíbà kábọ̀n ṣe ibi tí ẹ̀rọ rédíò tí ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà yóò wà: kò ní jẹ́ kí àmì rẹ̀ jáde.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú nígbàkígbà. Ara tí epoxy bá ti sọ di ọ̀tá kì í sábà gbà á mọ́. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ ṣe, ẹ má ṣe po ohun tí ń jó nínú rẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn gbogbo ìfò, ẹ fi owó irin kan ọ̀pá àti lẹbẹ káàkiri, kí ẹ sì tẹ́tí. Ibi tí ó bá dún gbọnrangandan kò ní ìṣòro. Ibi tí ó bá dún bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, ó ṣeé ṣe kí aṣọ ti ya kúrò lára ara wọn nínú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ ha ibẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ó le, kí ẹ tún un tẹ́, kí ẹ sì tún wá ojú ìwúwo rẹ̀ kí ó tó fò.