Ọ̀já tí a fi ń gbé Màámi lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀já tí ẹ̀rọ fi ń gbé aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn ẹni tí ẹ fẹ́ rà á fún. Ṣé ó lè gbé orí dúró fúnra rẹ̀? Tí ẹ bá gbé e jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ara rẹ̀ dúró, àbí ńṣe ló ń wó sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ irú ọ̀já tó yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ló kẹ́yìn.

Ọ̀já ni Màámi ń pe aṣọ tí a fi ń kọ́ wọn sára ẹ̀rọ ìgbéni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ẹni tí kò lè dìde sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi á ṣe máa pè é. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn ni a ti ń fi í gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀já tí wọ́n dìídì ṣe fún ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kò bo ara púpọ̀: ó gba abẹ́ abíyá yí àyà ká bí ìgbànú ńlá, apá kejì gba abẹ́ itan, gbogbo ìdí wá wà ní gbangba. Ó yá wọ̀, ó yá bọ́. Ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ ni apá méjèèjì máa ń wà, kò sì sí ohun tó gbé orí ró. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dúró, tàbí tí kò ní rántí pé òun kò gbọdọ̀ gbé apá sókè, lè yọ́ gba àárín rẹ̀ já bọ́. Torí ìyẹn ni oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó ń wá wo Màámi fi ní kí a gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ti fẹ́ sanwó rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ wọn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ṣòkòtò àti pátá ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe irú ọ̀já yẹn, kí wọ́n lè rí i fà sísàlẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá wà lókè. Ìyá àgbà tó ń ró ìró kò ní wàhálà yẹn. Èyí tó bo ẹ̀yìn títí dé orí ni a rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì, ihò sì wà níbi ìdí. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń yí Màámi sí ẹ̀gbẹ́, a ó bọ́ pátá, a ó ṣí ìró lẹ́yìn, a ó tẹ́ ọ̀já sí wọn lẹ́yìn, a ó sì da ìró bo itan níwájú. Tí wọ́n bá ti dé orí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ohun tí a tún ń fà. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àlejò kún pálọ̀, a kàn ti ilẹ̀kùn ni. Màámi jókòó sórí àga náà, wọ́n ń pariwo béèrè irú aṣọ tí ẹgbẹ́ wọn dá. Bàbá tó ń wọ ṣòkòtò, ẹ fi jálámíà rọ́pò rẹ̀ nílé.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà M tàbí L tó wà lára rẹ̀, M ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L ilé iṣẹ́ míì. Ẹ fi téèpù wọn aláìsàn láti ibi tí egungun ẹ̀yìn parí sí nísàlẹ̀ títí dé òkè orí, kí ẹ sì fi wé ìwé tó bá ọ̀já wá. Èyí tó bá tóbi jù, ènìyàn lè yọ́ bọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó bá kéré jù á máa ge itan. Ẹ tún wo bí ọ̀já ṣe ń kọ́ sára ẹ̀rọ: òmíràn ní ojóbó, òmíràn ní kílíìpù, wọn kò sì ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Tí ọ̀já bá lè gbé 200 kg, tí ẹ̀rọ yín kò sì lè gbé ju 150 kg lọ, 150 ni kí ẹ mú.

Ojóbó yẹn ní àwọ̀ oríṣiríṣi, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn tirẹ̀. Tí ẹ bá fi èyí tó kúrú kọ́ èjìká, tí ẹ fi èyí tó gùn kọ́ ẹsẹ̀, aláìsàn á jókòó dáadáa, bí a ṣe fẹ́ ẹ fún ìgbọ̀nsẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i padà, á fẹ̀yìn lélẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni kó wà lápá ọ̀tún àti òsì.

Àbúrò Màámi kan ní kí a gbé ọ̀já lọ fún télọ̀ ní Òkè-Àjẹ́ kó wò ó rán òmíràn. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ owó í ṣọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa dán okùn ìránṣọ yẹn wò kí ènìyàn tó gorí rẹ̀? Méjì gidi ni a rà, kí ọ̀kan lè wà nílẹ̀ nígbà tí èkejì bá dọ̀tí, torí kò sí bí kò ṣe ní dọ̀tí.

Tí ẹ bá ń gbé aláìsàn yín, ẹ tẹ bíréèkì àga, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ti ẹ̀rọ, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ lè yí díẹ̀ wá sábẹ́ ẹni tí ó ń gbé sókè. Ẹ gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wo gbogbo ojóbó kí ẹ tó gbé wọn ga. Tí wọ́n bá ti jókòó sórí àga wọn tán, ẹ fa ọ̀já kúrò lábẹ́ wọn, egbò ìdí kì í pẹ́ yọjú. Àfi tí ilé iṣẹ́ bá ṣe ọ̀já náà kó lè máa wà níbẹ̀.

Ẹ má fi Jik fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́, abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí. Kí ẹ tó lò ó nígbàkigbà, ẹ fọwọ́ ra gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀. Èyí tí okùn rẹ̀ bá ti ń tú, tàbí tí ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti parẹ́ débi pé ẹ kò rí ìwọ̀n kà mọ́, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì kí ẹ tó dà á nù, kí ọmọ ọ̀dọ̀ má baà tún fà á jáde lọ́jọ́ tí èkejì kò bá tíì gbẹ.